OWÓ TÍ A FI Ń WÁDÌÍ Ọ̀RÀN ÀWỌN TÍ A KÓ FÚN IṢẸ́ TIPÁTIPÁ

Nínú àwọn ìwé tí ó dé ọwọ́ wa ní oṣù yìí, ọ̀kan ti Akaka Rẹ́mọ wá, láti ọwọ́ bàbá kan tí ó ti ń ka ojú ìwé yìí láti ìgbà pípẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan dìde ní ìpàdé ìlú, wọ́n ní kí a yọ díẹ̀ nínú owó àpapọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí wọn ó lè wá wádìí ọ̀ràn àwọn ọmọdékùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní oko káàkiri: ibi tí wọ́n ti wá, ẹni tí ó mú wọn wá, àti ẹni tí owó iṣẹ́ wọn ń bọ́ sí lọ́wọ́. Inú bàbá yìí kò dùn sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó bi wá pé: bí a bá rí ọmọ tí ń jìyà, ṣé kì í ṣe pé kí a gbà á sílẹ̀ ni? Kí ni à ń fi owó kọ ìwé sí?

Ìbéèrè rere ni, kì í sì í ṣe ní Akaka nìkan ni a ti ń bi í. Àwọn tí ń pín owó ìjọba ní àwọn ìlú ńlá ayé a máa bi í pẹ̀lú. Ọmọ tí a gbà sílẹ̀ ṣeé fi han ènìyàn, a lè ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ya àwòrán ìwé ìwádìí? Èrò tiwa ni pé ó tọ́ kí Akaka yọ owó náà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó sọ pẹ̀lú irú ìwádìí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́bọ̀ kan ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Àwọn baba wa kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Alágbàṣe ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́, tí ó gba owó rẹ̀, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwọ̀fà ni ẹni tí ń sin olówó nítorí gbèsè, ìbáà ṣe gbèsè tirẹ̀, ìbáà ṣe ti baba rẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í dín gbèsè náà kù, nítorí pé èlé ni a ka iṣẹ́ náà sí, títí di ọjọ́ tí a ó san ojú owó pé. Síbẹ̀ ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ó ní ẹbí tí yóò béèrè rẹ̀, ó sì ní àkókò tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹrú ni ẹni tí a rà, tàbí tí a kó lójú ogun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò sì kéré lójú àwọn tí ó mọ̀ wọ́n.

Ọ̀mọ̀wé N. A. Fadipe, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kàwé ní Lọ́ńdọ́nù, kọ nípa ìwọ̀fà nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwọn Yorùbá, èyí tí ó fi gba oyè Ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1939. Ó kú ní 1944. Ìwé náà kò di títẹ̀ títí ó fi di 1970, nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé e jáde. Ọdún 31 ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa fúnra rẹ̀ wádìí fi sùn sí inú pósí, nígbà tí àwọn ìwé tí àlejò kọ nípa wa ń jáde lọ́dọọdún. A kò lè ṣàì mẹ́nu kan èyí níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ owó ìwádìí ti délẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀gá kan lọ sí abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dahomey kí ó tó di ọdún 1975. Ó fún baba ọmọ ní owó díẹ̀, ó sì mú ọmọ náà wá sí oko kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọdún méjì ni wọ́n dá. Ìparí ọdún kejì ni wọn yóò tó san ìyókù. Ta ni ọmọ yìí nínú àwọn mẹ́ta tí a dárúkọ? Alágbàṣe ni, bí ó bá mọ iye tí yóò gbà, tí ó sì lè kúrò nígbà tí ó bá fẹ́. Bí owó tí baba rẹ̀ gbà bá ti so ó mọ́ oko náà, ìwọ̀fà ni. Bí ọ̀gá bá sì lè fi í fún ọ̀gá mìíràn, kí ó gba owó lé e lórí, a kò ní orúkọ mìíràn fún un ju ẹrú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọjá lọ ní ọ̀nà oko kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó jẹ́. Àdá kan náà ni gbogbo wọn mú lọ́wọ́, oòrùn kan náà ni ó sì ń pa wọ́n. Bí bàbá wa ní Akaka bá wí pé kí a gbà wọ́n sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, àwọn wo?

Òfin pẹ̀lú ní ohun tí ó wí. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 15 oṣù kọkànlá ọdún 2000, tí ilẹ̀ Nàìjíríà fi ọwọ́ sí, tí ó sì fi ṣe òfin tirẹ̀ ní 2003, sọ pé bí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 18, kò sí ìdí láti fi hàn pé a tàn án jẹ tàbí pé a fi ipá mú un. Kí a ti mú un kúrò ní ipò rẹ̀ láti lọ rẹ́ ẹ jẹ lẹ́nu iṣẹ́, ó ti tó. Òfin náà ni ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀, èyí tí ń mú àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò, a sì tún òfin náà ṣe ní 2015.

Ọ̀ràn Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, yóò là wá lójú jù gbogbo èyí lọ. Ní apá ìparí ọdún 2003, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jáde láti àwọn ibi tí a ti ń fọ́ òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí ilẹ̀ wọn: 116 ní ẹ̀ẹ̀kíní, 74 ní ẹ̀ẹ̀kejì. Láti agbègbè Zakpota, ní àárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́, wọn a kó o jọ ní òkìtì òkìtì, ọkọ̀ akẹ́rù a wá rà á lọ fún àwọn tí ń kọ́lé. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé, ojú sì ti gbogbo wa. Ní 2005 ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jọ gbógun ti òwò náà. Ní ọdún yìí kan náà ni ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Switzerland, tí ń jẹ́ Terre des hommes, tẹ ìwé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta. Ìwé náà fi hàn bí àwọn alágbàtà ti ń mú wọn kúrò ní abúlé àti bí iṣẹ́ náà ti le tó.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Neil Howard, tí ó ti Yunifásítì Oxford wá, lọ jókòó ní àwọn abúlé Zakpota, ó sì wá sí ibi òkúta pẹ̀lú. Ó bá àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, ó bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀, ó bá àwọn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, ó sì bi àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú léèrè. Ohun tí ó gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ayé ti gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá pàdé jẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ti ń bàlágà, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n mọ àdéhùn, wọ́n sì ń wá owó tí wọn yóò fi ra nǹkan, tàbí tí wọn yóò fi kọ́ ilé. Òwú ni àwọn òbí wọn ń gbìn, owó òwú sì ti já ní ọjà ayé. Ó ní bí a ti ń pe gbogbo wọn ní ọmọ tí a jí gbé, tí a sì ń lé wọn padà sí ilé tí kò sí owó, a kò tíì fọwọ́ kan ohun tí ó lé wọn jáde. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2017.

Èwo ni òtítọ́ nínú ìròyìn méjèèjì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fẹ́ kí a mú ọ̀kan, kí a sọ èkejì nù. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè bá ẹnikẹ́ni dá àdéhùn ọdún méjì, ohunkóhun tí ó wù kí baba rẹ̀ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ wá, tí a sì san owó rẹ̀ pé, kì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o sínú ọkọ̀ padà sílé ní ọwọ́ òfo. Àwọn méjèèjì lè wà ní ẹ̀bá òkìtì òkúta kan náà. Ẹni tí ó bá dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọlọ́pàá kò ní àkókò láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó jókòó tì wọ́n fún oṣù mélòó kan, tí ó gbọ́ èdè wọn, ni ó lè ṣe é, ìyẹn sì ni a ń fi owó rà.

Bóyá bàbá wa yóò wí pé ìwé méjì tí kò fi ohùn ṣọ̀kan kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rán an létí ọ̀ràn Làìbéríà. Ní 1930, Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tí ń jókòó ní Geneva nígbà náà mú kí a rán àwọn olùwádìí mẹ́ta: dókítà Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Cuthbert Christy, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Charles S. Johnson, àti Arthur Barclay tí ó ti ṣe Ààrẹ Làìbéríà rí. Ẹ̀sùn náà ni pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ń fi ipá kó àwọn ọkùnrin láti inú abúlé, wọ́n sì ń kó wọn ránṣẹ́ sínú oko kòkó àwọn ará Spain ní erékùṣù Fernando Po. Fún oṣù mélòó kan ni wọ́n fi gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn olóyè àti àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé òtítọ́ ni. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Charles D. B. King àti igbákejì rẹ̀, Allen Yancy, ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ìwé ni ó ṣe èyí, ìbọn kọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ parí ìtàn náà: àwọn olóko Fernando Po kò jáwọ́. Nígbà tí ọ̀nà Làìbéríà dí, wọ́n yí ojú sí ìlà-oòrùn Nàìjíríà, a sì ń fi ọkọ̀ ojú omi jí àwọn ènìyàn kó kọjá ní òru, títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spain fi wá ṣe àdéhùn lórí rẹ̀ ní 1942. Nítorí náà ìwádìí tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì pa ìwé rẹ̀ dé kò tó. (Ìwé tí Johnson fúnra rẹ̀ kọ lórí ohun tí ó rí ní Làìbéríà kò jáde ní títẹ̀ títí di 1987, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òun àti Fadipe jọ mu omi kan náà.)

Ẹ gbọ́ bí owó náà ti ń lọ, nítorí a mọ̀ pé ibẹ̀ ni ara ti ń ta ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kíka àwọn tí a fi tipátipá mú ṣiṣẹ́ kò dà bí kíka igi obì inú oko. A kò lè kan ìlẹ̀kùn láti ilé dé ilé kí a béèrè pé, ẹrú mélòó ni ẹ ní? Ọ̀gá yóò wí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọmọ náà yóò sì wí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, bí ọ̀gá rẹ̀ bá wà ní tòsí. Ẹni tí yóò bi í léèrè gbọ́dọ̀ gbọ́ Ègùn, tàbí Fọ̀n, tàbí Tiv, tàbí Ìbìbíò. Èyí túmọ̀ sí ògbufọ̀ tí a ó gbà, tí a ó kọ́, tí a ó sì san owó fún. Ó gbọ́dọ̀ padà lọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ òtítọ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníṣirò ń lò: a ó fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó dáhùn ní káàdì mélòó kan, kí ó fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ̀, àwọn wọ̀nyí náà yóò fún àwọn mìíràn, a ó sì máa kọ ẹni tí ó mú ẹni wá sílẹ̀, títí a ó fi lè ṣírò iye àwọn tí a kò rí láti ara àwọn tí a rí. Ó ń gba oṣù púpọ̀.

Èyí tí ó tún gba owó jù ni pé a gbọ́dọ̀ ti pèsè sílẹ̀ kí a tó béèrè ohunkóhun. Bí ọmọ kan bá sọ fún olùwádìí pé à ń nà òun ní alaalẹ́, kí ni olùwádìí yóò ṣe? Ìwádìí tí ó ń bi ọmọ léèrè ìyà rẹ̀, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ọwọ́ ẹni tí ń nà án, ìkà ni. Irú èyí ni a sọ lókè pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kọ́bọ̀ kan ṣe. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ ní ibi ààbò tí a ti bá sọ̀rọ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, àti àpótí tí a ń tì pa fún àwọn ìwé, kí orúkọ ọmọ má baà tẹ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kan ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ti yẹ gbogbo ìlànà yìí wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ lọ sí oko.

Nípa iye, a ó sọ díẹ̀. Àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ayé, tí a ń pè ní ILO, ṣírò rẹ̀ ní 2022 pé àwọn tí ó wà nínú iṣẹ́ tipátipá tó mílíọ̀nù 27.6 ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 2021. Ní 2024 ó sì wí pé èrè tí àwọn tí ń lò wọ́n ń jẹ lọ́dún kan tó bílíọ̀nù 236 dọ́là. Ní ilẹ̀ wa, ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń kó ìṣirò jọ ṣe ní 2022 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ILO, tí ó sì jáde ní 2024, sọ pé àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 tí ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé lé ní mílíọ̀nù 24. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a fi tipátipá mú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a ti ka irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ṣáájú ni ọdún 2000 sí 2001. Darandaran wo ni ó ń ka agbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ogún ọdún?

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ kò sì ṣàì mọ ohun tí àìkà ń ṣe. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 17 oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wọ ilé-ìwé lé ní 800,000, ó sì pọ̀ jìnnà ju iye tí àwọn aláṣẹ ti fojú dá lọ. Àwọn ọmọ náà ti wà nílé àti lóko láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó ti kà wọ́n dáradára. Iye olùkọ́ àti iye yàrá kò tó. Iṣẹ́ rere náà dúró, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kò kéré lórí àwọn tí ó kọ́kọ́ kàwé nínú rẹ̀.

Wàyí o, ẹni tí ó san owó ìwádìí ni ó ń yan ìbéèrè. Ìbàdàn kò jìnnà sí Akaka. Níbẹ̀ ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ń jẹ́ IITA wà. Ní 2002 ó gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní ilẹ̀ mẹ́rin: Côte d'Ivoire, Gánà, Kamẹrúùnù, àti Nàìjíríà tiwa. Ìdí tí a fi ṣe é ni pé ariwo ti ta ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọwọ́ ẹrú ni a fi ń ká kòkó tí a fi ń ṣe ṣokoléètì, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì sì ti fọwọ́ sí ìwé ìlérí ní 2001. Ṣùgbọ́n Côte d'Ivoire àti Gánà ni kòkó wọn pọ̀ jù ní ọjà, orí wọn ni ariwo sì wà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tún náwó sí ìwádìí ńláńlá, èyí tí Yunifásítì Tulane ṣe, àti èyí tí ilé ìwádìí NORC ti Yunifásítì Chicago ṣe ní ìgbà ìkórè 2018 sí 2019, ilẹ̀ méjèèjì yìí nìkan ni a kà. NORC sọ pé àwọn ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ wọ́n nínú oko kòkó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.56. Nàìjíríà kò sí nínú ìwé náà. Kì í ṣe pé a ti rí i pé ọmọ wa kankan kò jìyà. A kò bi wọ́n léèrè ni.

Owó àlejò sì lè lọ bí ó ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka ọ̀ràn òṣìṣẹ́ nínú ìjọba Amẹ́ríkà fi òpin sí owó tí ó ń fún àwọn iṣẹ́ tí ó lòdì sí kíkó ọmọdé ṣiṣẹ́ àti iṣẹ́ tipátipá ní ilẹ̀ òkèèrè. Owó tí ó bá a lọ lé ní 500 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún náà, USAID pẹ̀lú ti kásẹ̀ nílẹ̀. A kò bínú sí àwọn Amẹ́ríkà. Owó wọn ni. Ṣùgbọ́n a bínú sí ara wa, pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní oko tiwa, tí ń sùn ní ahéré tiwa, ìlú Washington ni a ń dúró dè kí ó tó sọ iye wọn fún wa.

Nítorí náà ni inú wa fi dùn sí àwọn ọ̀dọ́ Akaka. Owó tí ìlú kan lè yọ kò lè ká iṣẹ́ tí a ṣàpèjúwe lókè yìí, a kò sì ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n ìlú méje tàbí mẹ́jọ ní Rẹ́mọ lè pa owó pọ̀. Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn. Olábísí Ọnàbánjọ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ní ẹ̀ka ìṣègùn rẹ̀ ní Ṣágámù. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń kọ ìwé àṣekágbá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lórí ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni. Àjọ TETFund, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 2011, tí owó rẹ̀ ń ti inú èrè àwọn ilé-iṣẹ́ wá, ní àpò kan fún ìwádìí. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ̀wé béèrè níbẹ̀, kí wọn ó sì mú owó àwọn ìlú hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn onílé fẹ́ iṣẹ́ náà. NAPTIP ní ẹ̀ka ìwádìí tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí a sọ fún wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ewu wà lórí ọmọ kan ní òní, kí a má ṣe dúró de ìwádìí kankan: 627 ni nọ́mbà tí a ń pè láti bá NAPTIP sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí bàbá wa bá wa sọ ní ìpàdé. Kí àwọn olóko má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò yan oko tí a ó lọ àti èyí tí a kò ní í lọ. Kí a má sì kọ ojú sí àwọn Ègùn àti àwọn Àgàtú inú oko nìkan, bí ẹni pé àlejò nìkan ni ó ń jìyà tí àlejò nìkan sì ń fi ìyà jẹni. Ẹ̀yin ìyá ilé tí ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má bínú sí wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tí ń sùn lẹ́yìn gbogbo ilé, tí ìyá kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ń wá gba owó rẹ̀ ní ìparí oṣù, òun náà wà nínú ohun tí a ó kà. Òfin ọdún 2015 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí ọmọ ọ̀dọ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń wí pé, ilé-ìwé ni mo ń rán an, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi òun fúnra rẹ̀ léèrè.

Àwọn ìbéèrè tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí a bi ọmọ náà ní èdè ìyá rẹ̀, ní ibi tí ọ̀gá kò sí: Ta ni ó mú ọ wá? Kí ni wọ́n sọ fún ọ kí o tó kúrò nílé? Ọwọ́ ta ni owó rẹ wà? Bí o bá fẹ́ lọ sílé ní ọ̀la, ta ni yóò dá ọ dúró? Kí a sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́ gan-an.